Ẹsẹ̀ Àpótí Mẹ́rin Lẹ́nu Ọ̀nà Gbọ̀ngàn

Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣe dípúlómà ìrọ̀lẹ́ ní Ẹ̀ka Ẹ̀kọ́ nípa Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ mẹ́wàá nínú àwọn àsọyé tí ẹ̀ka náà máa ń ṣe fún gbogbo ará ìlú lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Bó bá ti ń gbọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, aṣọ́nà gbọ̀ngàn á lu òǹtẹ̀ sí káàdì rẹ̀. Èmi ni aṣọ́nà náà. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń lu òǹtẹ̀ fún ẹlòmíràn, tó fi mọ́ àwọn tó ń hanrun láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Lọ́dún yìí, èmi náà gba fọ́ọ̀mù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe ìdánwò kí n tó ní ìwé-ẹ̀rí girama tí wọ́n ń béèrè. Lẹ́ẹ̀kejì, abẹ́ ibi tí òrùlé ti ń jò ni wọ́n fi mí sí, omi sì pa ìdáhùn kẹrin àti ìkarùn-ún rẹ́. Àsọyé mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni mo ti gbọ́, síbẹ̀ káàdì mi mọ́ bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ìlànà ní aṣọ́nà kò gbọdọ̀ lu òǹtẹ̀ fún ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan òǹtẹ̀ ọ̀hún.

"Ẹ ò kúkú lù ú," ìyàwó mi wí, ó ń lọ aṣọ. "Ta ló máa mọ̀?"

"Èmi máa mọ̀."

"Bàbá Ìbejì, wàhálà yín pọ̀. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ń ti ìforúkọsílẹ̀ pa. Tẹ́ ẹ bá dúró di ọdún tó ń bọ̀, ẹ̀yin àtàwọn ọmọ yín lẹ jọ máa wọ yunifásítì."

Kò rẹ́rìn-ín. Àwọn ìbejì ti pé ọdún mẹ́rìndínlógún.

Mo lọ bá akọ̀wé ẹ̀ka. Ó yẹ káàdì náà wò níwá lẹ́yìn.

"Bàbá, ẹnu iṣẹ́ lẹ wà. Ẹ ò sí níbi àsọyé."

"Inú gbọ̀ngàn ni mo wà, Àǹtí."

"Ẹnu ọ̀nà lẹ wà."

"Ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn kọ́?"

Ó mí kanlẹ̀. "Èyí ju agbára mi lọ. Ìgbìmọ̀ ló máa dá a."

Aago méjì ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni ìgbìmọ̀ jókòó: Olórí Ẹ̀ka, akọ̀wé, àti ọ̀jọ̀gbọ́n kan tí gbogbo wa ń pè ní Bàtà-ń-Dún, torí a máa ń gbọ́ bàtà rẹ̀ ká tó rí i. Olórí Ẹ̀ka ní kí wọ́n kọ́kọ́ lọ wo ibi tí mo ń jókòó sí. Wọ́n tò tẹ̀ lé mi. Mo gbé àpótí mi sí àyè rẹ̀, níbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti họ ilẹ̀. Akọ̀wé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi rúlà wọ̀n ọ́n. Ẹsẹ̀ méjì wà nínú gbọ̀ngàn, méjì wà ní kọ́rídọ̀.

"Ẹ jókòó ká rí i," Olórí Ẹ̀ka wí. Mo jókòó. "Orí yín ńkọ́, níbo ló wà?"

"Ó wà nínú, sà. Ẹ̀yìn mi ló wà lóde."

"Etí sì wà lára orí," ó wí fún àwọn yòókù.

"Ìlànà ní 'ẹni tó bá jókòó nínú gbọ̀ngàn'," Bàtà-ń-Dún dáhùn. "Orí kì í jókòó."

Wọ́n rò ó títí, wọ́n sì pín in sí méjì. Akọ̀wé ṣe ìṣirò. "Ìdajì mẹ́tàlélọ́gọ́ta jẹ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n àti ààbọ̀. Ààbọ̀ yẹn, apá ìbẹ̀rẹ̀ ló gbọ́ ni àbí apá ìparí?"

"Ẹ fi ààbọ̀ sílẹ̀," Olórí Ẹ̀ka wí. "Mẹ́wàá là ń wá."

"Ṣé a tiẹ̀ mọ̀ pé ó gbọ́?" Bàtà-ń-Dún wí. "Ẹni tó ń ṣílẹ̀kùn fún èrò, etí wo ló kù? Bàbá, àsọyé ojú irin ọdún tó kọjá, báwo ló ṣe parí?"

Mo sọ fún wọn. Ìyá àgbàlagbà kan tí ikọ́ ń ṣe ló sọ ọ́. Ó ní tẹ́lẹ̀, ìlú kọ̀ọ̀kan ní Amẹ́ríkà ló ń fi oòrùn tirẹ̀ mọ aago, títí àwọn ilé-iṣẹ́ ojú irin fi fẹnu kò lórí aago tiwọn. Àwọn ìlú kan kọ̀ jálẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Níkẹyìn, ìyá náà bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀ sórí tábìlì, ó bi wá pé ta ló fún aago náà láṣẹ lórí wa. Ibẹ̀ ló parí sí.

Olórí Ẹ̀ka yíjú sí Bàtà-ń-Dún.

"Ṣé bẹ́ẹ̀ ni, Ọ̀jọ̀gbọ́n?" Olórí Ẹ̀ka béèrè.

"Mi ò rántí dáadáa."

N kò fẹ́ sọ̀rọ̀, àmọ́ èmi ni gbogbo wọn ń wò. "Ọ̀jọ̀gbọ́n ti jáde nígbà yẹn, sà. Aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú méjìlá. Wọ́n ní àwọn fẹ́ dáhùn fóònù."

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn Olórí Ẹ̀ka lára. "Èmi wá ńkọ́?"

"Ẹ̀yin ti jáde ṣáájú wọn, sà."

Akọ̀wé tẹjú mọ́ rúlà. Òun kò wá rárá, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi mí ní tirẹ̀.

Olórí Ẹ̀ka fọwọ́ ara rẹ̀ lu òǹtẹ̀ mẹ́wàá sí káàdì mi. Mẹ́ta àkọ́kọ́ dorí kodò. Aago mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú ni akọ̀wé gba fọ́ọ̀mù mi wọlé.

Mo ti ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn nígbà tí mo gbọ́ bàtà yẹn lẹ́yìn mi.

"Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́." Bàtà-ń-Dún ti yọ ìwé àti bírò. "Àwọn ìlú tó kọ̀ yẹn, kí ni wọ́n ní ó fà á? Èmi ni mo máa kọ́ yín lọ́jọ́ Ajé, ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tá a máa ṣe nìyẹn. Ẹ máa sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, mò ń kọ ọ́."