Abala Kẹrin

"Aunty, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí ẹ ò kó gbogbo email síbì kan, kí gbogbo rota náà wà níbì kan?"

Sẹ̀gilọlá kò bojú wẹ̀yìn nídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ní ọ́fíìsì iléeṣẹ́ tó ń rán olùtọ́jú sílé àwọn arúgbó ní London. Láti aago mẹ́sàn-án ni Adédèjì ti dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ìwé àti bírò, tó ń kọ gbogbo ohun tó bá ṣe sílẹ̀. Ó ní iléeṣẹ́ tó ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà ló rán òun wá, pé wọ́n fẹ́ mọ bí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe ń to wíńdò ojú kọ̀ǹpútà wọn, kí àwọn lè ṣe èyí tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irọ́ ni, lójú Sẹ̀gilọlá. Ṣebí Zoe, ọ̀gá wọn, ló mú un wọlé, Zoe kan náà tó lé ẹni méjì lẹ́nu iṣẹ́ lóṣù tó kọjá. Amí ni. Sẹ̀gilọlá kò tilẹ̀ fi àga lọ̀ ọ́.

"Email kì í ṣàìsàn," ló fi dá a lóhùn. "Èèyàn ló ń ṣàìsàn. Baba tó wà ní Bermondsey, oògùn wọn, rota ọjọ́ tí olùtọ́jú wọn ń lọ, email ọmọ wọn, ojú kan náà ni mo ń kó gbogbo ẹ̀ sí. Tí ọmọ wọn bá pè, ṣé kí n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá a kiri ni?"

Adédèjì rẹ́rìn-ín, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀rín yẹn gan-an ló tún bí Sẹ̀gilọlá nínú. Ó ti pín ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí abala-abala, àdúgbò kan fún abala kan, mẹ́ta ló sì ti fi hàn án: Bermondsey, Deptford, Brixton. Ìkẹrin wà lẹ́yìn wọn, kò sì fẹ́ kí ojú ẹnikẹ́ni tó o. Tí Zoe bá gbọ́ pé ó wà níbẹ̀, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn.

Fóònù dún lójijì. Ọwọ́ rẹ̀ ṣi bọ́tìnnì tẹ̀, wíńdò mọ́kànlá inú abala kẹrin sì yọ síta lẹ́ẹ̀kan náà.

Adédèjì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. "Aunty, gbogbo wọn ló ní 'deceased' lórí."

Sẹ̀gilọlá yíjú sí i. "Àwọn tó ti lọ ni. Iléeṣẹ́ ní ká máa pa fáìlì wọn dé lọ́jọ́ tí wọ́n bá kú, mi ò lè ṣe é. Mo máa ń dárúkọ wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Friday, kí n tó bọ́ sùtánà. Àwọn míì ò lẹ́nì kankan tó máa dárúkọ wọn. Ó yá, kọ ọ́, kó o lọ fún Zoe."

Adédèjì gbé ìwé náà síwájú rẹ̀. Kò sí orúkọ Sẹ̀gilọlá níbẹ̀ rárá. Àpótí kéékèèké tó fi bírò yà ló kún inú rẹ̀. Nísàlẹ̀, ó ti kọ ọ́ pé: abala tí ẹnikẹ́ni kò bá fọwọ́ kàn fún ọgbọ̀n ọjọ́, kó pa ara rẹ̀ dé. Ó fa bírò gba orí gbólóhùn náà kọjá.

"Ìyẹn ò dáa," ó ní. "Ẹni tó bá ṣí i ló yẹ kó pa á dé. Mi ò sì ní sọ fún Zoe, Aunty. Wọn ò rán mi níyẹn."

Ìfura Sẹ̀gilọlá kò tíì tán, ṣùgbọ́n ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rántí pé ó ti tó wákàtí mẹ́ta tí Adédèjì ti wà lórí ìdúró.

"Fa àga yẹn wá, jókòó."

Lẹ́yìn náà ló pe orúkọ àkọ́kọ́, jẹ́jẹ́, "Ìyá Ilésanmí, ti Deptford." Ó ṣe àmín, ó pa wíńdò náà dé. Ó ku mẹ́wàá.