Kọ̀ǹpútà Tó Ń Dúró De Àwọn Bámgbóṣé

Lọ́jọ́ tí ìròyìn dé láti Lọ́kọ́ja pé owó ẹ̀tọ́ olóògbé Ọlábímtán lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ti jáde, Monica, opó rẹ̀, da iyọ̀ sínú tíì, ó sì mu ún tán láìmọ̀. Ó pẹ́ tó ti fẹ́ ra kọ̀ǹpútà alágbèéká fún ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé rẹ̀ ní Kàbà. Ẹ̀rù kan ṣoṣo ló ń bà á: kí òun má lọ fi òógùn ọkọ òun ṣòfò.

Sùlèímánì tó ń ta kọ̀ǹpútà gbé méjì wá, ó ní kó fi ọjọ́ kan dán wọn wò. Ọpọlọ ọ̀kan yá bí àṣá, owó rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì. Èkejì ńkọ́? Béèyàn bá tàn án, á ráyè kí gbogbo àdúgbò ní “okun o”, á tún béèrè iṣu oko wọn, kó tó jí. Fisáyọ̀, ọmọ Monica, ń pàtẹ́wọ́ fún èyí tó yá bí ẹni tó ń wo eré ìje.

Ìgbà náà ni ìdílé Bámgbóṣé dé láti Ìyàrà, wọ́n fẹ́ tẹ ìwé ètò ìsìnkú ìyá wọn. Monica tẹ orúkọ olóògbé sórí ẹ̀rọ méjèèjì. Ó ku orúkọ àwọn ọmọ. Bìláàlì ní òun làgbà, òun ni kó ṣáájú. Juliet, àbúrò rẹ̀, ní tó bá jẹ́ àgbà lóòótọ́, kó sanwó màlúù ìsìnkú. Wọ́n ránṣẹ́ lọ pe àbúrò ìyá wọn kó wá ṣèdájọ́. Màmá náà dé, oúnjẹ ló kọ́kọ́ béèrè. Títí ọ̀sán, wọ́n ń tò ó, wọ́n ń tú u. Ẹ̀rọ tó yá sùn lọ, èyí tó lọ́ra náà sùn tì í.

Ẹ̀rín pa Monica. Ó rín in títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bìláàlì, tí kò mọ ohun tí wọ́n ń rín, ń rín tirẹ̀ náà.

Fisáyọ̀ ní, “Màmá, ẹ jẹ́ ká mú èyí tó yá.”

“Ó yá, mo rí i. Tó bá wá yá tán, ta ló ń dúró dè?”

Fisáyọ̀ wo àwọn Bámgbóṣé, ó sì pa èyí tó yá dé.

Èyí tó lọ́ra ni Monica rà. Ó fi lára owó tó ṣẹ́ kù kan bẹ́ǹṣì gbọọrọ síwájú ṣọ́ọ̀bù. Nígbà ayé rẹ̀, Ọlábímtán kì í jẹ́ kí àlejò wà lóòró. A máa dìde fún wọn lórí àga tirẹ̀. Nígbà tí àwọn Bámgbóṣé padà wá láti tún orúkọ tò, Monica fi etí ìró rẹ̀ nu bẹ́ǹṣì náà, ó ní kí wọ́n jókòó.