Ìṣẹ́jú Mẹ́rin Létí Odò

Kò sí oníṣẹ́ tíátà tí inú rẹ̀ máa ń dùn bí ó bá gbọ́ pé Ọláolúwa Àkànbí ti jókòó ti fíìmù òun. Iṣẹ́ tí ọkùnrin yìí fi ń jẹun ni kí ó wo fíìmù, kí ó sì sọ ibi tó ti bàjẹ́. Ó ń kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn kan n'Íbàdàn, ó sì ń sọ ọ́ lórí rédíò láràárọ̀ Sátidé láti ilé rẹ̀ ní Ẹdẹ. Baba Aago ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn, nítorí kì í wo fíìmù láìbọ́ aago ọwọ́ rẹ̀ lé orí tábìlì, pẹ̀lú ìwé kékeré kan tó máa ń kọ iye ìṣẹ́jú tí ìran kọ̀ọ̀kan gbà sí.

Ẹnu rẹ̀ kò sì dáa. Lóṣù tó kọjá nìkan, fíìmù mẹ́ta ló bẹnu àtẹ́ lù. Ọ̀kan, ó ní òkú tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ nínú rẹ̀ ń mí ju àwọn tó ń sunkún rẹ̀ lọ. Èkejì, ó ní àga búlúù tó wà nílé olówó inú rẹ̀ ti kópa nínú fíìmù mẹ́fà lọ́dún yìí, ó yẹ kí wọ́n máa kọ orúkọ òun náà mọ́ ti àwọn òṣèré. Ẹ̀kẹta, ìyàwó ilé kan jí láàárọ̀ pẹ̀lú àtíkè àti ìpara ètè, Ọláolúwa sì béèrè bóyá ìjókòó ni obìnrin náà fi sùn mọ́jú. Àwọn tó ń gbọ́ rédíò á rẹ́rìn-ín títí, àwọn tó ṣe fíìmù á máa ṣépè.

Nígbà tó wá yin fíìmù kan ní Sátidé tó kọjá, ẹnu ya gbogbo ayé. Ìyàwó Etí Odò ni wọ́n pe fíìmù náà. Teslim Àjàdí ló darí rẹ̀, Ẹdẹ níbí ni wọ́n sì ti yà á nígbà òjò, létí odò Ọ̀ṣun. Ọmọbìnrin kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ló ṣe ìyàwó náà. Níparí fíìmù, ó wọ odò lọ, kò sì jáde mọ́.

"Ó di ọdún méjìlélógún tí mo ti ń wo bí wọ́n ṣe ń kú nínú fíìmù," Ọláolúwa sọ lórí rédíò, "n kò rí èyí tó jọ ti ọmọ yìí rí. Kò pariwo. Kò ṣe ìdágbére. Ọwọ́ rẹ̀ yọ lẹ́ẹ̀mejì, ó parí. Kámẹ́rà wá dúró sójú omi, kò yẹ̀. Ẹ wo ọkùnrin onífìlà pupa tó sáré wá, tí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo wà nínú bàtà, tó wọ omi dé orúnkún, tó wá bojú wẹ̀yìn wò wá bí ẹni pé kí àwa òǹwòran gba òun. Ohun tí à ń pè ní eré nìyẹn!" Ó pàtẹ́wọ́, rédíò sì gbé e síta. Tọkàntọkàn ló fi pa àtẹ́wọ́ náà.

Ní ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, lọ́sàn-án gangan, ẹnì kan kan géètì. Obìnrin kan tó ti tó ẹni àádọ́ta ọdún ló sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́, ó gbé gàrí dání nínú ọ̀rá. Ó ti kúnlẹ̀ kí Ọláolúwa tó lè ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀.

"Sàrátù lorúkọ mi, sà. Sẹkọ́nà ni mo ti wá, gàrí ni mò ń yan. Èmi ni ìyá Fawziyah tí ẹ yìn lórí rédíò. Gbogbo àdúgbò ló ń pè mí pé kí n wá gbọ́. Mo ní kí n wá dúpẹ́."

Inú Ọláolúwa dùn. Èpè ló máa ń gbà nídìí iṣẹ́ yìí, kì í gba gàrí. Ó mú obìnrin náà wọ pálọ̀, ó gbé omi tútù fún un.

"Mo tún ní ẹ̀bẹ̀ kan, sà," ni Sàrátù wí. "Ẹ̀yin lẹ mọ àwọn oníṣẹ́ tíátà. Ẹ bá mi sọ fún Fawziyah pé kó pè mí. Láti ìgbà tó ti lọ ṣe fíìmù yẹn, fóònù rẹ̀ kò lọ mọ́. Bùròdá Teslim fúnra wọn ló wá sílé wa, wọ́n ní ó ti tẹ̀ lé àwọn kan lọ sí Èkó, pé ó fẹ́ lọ ṣe òmíràn. Mo ní kò burú. Àmọ́ oṣù karùn-ún rèé." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Bí wọ́n tiẹ̀ ṣe rí i mú wọ odò gan-an ló ń yà mí lẹ́nu. Kò lè lúwẹ̀ẹ́, sà. Láti kékeré ló ti ń sá fómi."

Ọláolúwa dá a lóhùn pé ọgbọ́n kámẹ́rà ni. Ó ní wọ́n á ti dá kámẹ́rà dúró, wọ́n á fà á jáde, wọ́n á wá lẹ àwòrán méjèèjì pọ̀. Kò tíì sọ ọ́ tán tó fi rántí ohun tó kọ nípa ìran náà. Ó ní kí obìnrin náà fún òun ní ìṣẹ́jú díẹ̀, ó wọ yàrá tó ti ń ṣiṣẹ́, ó ṣí ìwé kékeré rẹ̀.

Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ ọ́ síbẹ̀: "Odò. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ó lé díẹ̀. Wọn kò gé e níbì kankan. Ó dára púpọ̀." Ó tún fa ilà méjì sábẹ́ rẹ̀.

Ó tan kọ̀ǹpútà, ó wo ìran náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Láti ìgbà tí ọwọ́ ọmọ náà ti rì títí orúkọ àwọn òṣèré fi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, ojú omi kan náà ni, kò sí ohun tó yọ. Onífìlà pupa sáré wá. Ẹnu rẹ̀ ń ṣí, ó ń pa dé, ṣùgbọ́n orin ti bo ohun tó ń sọ mọ́lẹ̀. Ó bojú wẹ̀yìn. Ọláolúwa wá rí i pé kì í ṣe òǹwòran kankan ni ọkùnrin náà ń wò. Ẹni tó dúró lẹ́yìn kámẹ́rà ló ń bẹ̀. Kámẹ́rà kò sì mì.

Ó pe Teslim lórí fóònù.

"Ẹ̀gbọ́n wa! Ẹ ṣeun o. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń wo fíìmù yẹn láti ọjọ́ tí ẹ ti sọ̀rọ̀!"

"Teslim, Fawziyah dà?"

"Omi ló gbé e, ẹ̀gbọ́n, àwa kọ́. A wá a títí, a kò rí i. Ó ti ṣẹlẹ̀ ná, kí n wá da fíìmù nù? Ẹ̀yin náà ṣáà wò ó. Ẹ̀yin lẹ ní kò sí irú rẹ̀ rí."

"Ìyá rẹ̀ wà ní pálọ̀ mi!" Ìbínú ló sọ ọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀, ó sì kábàámọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ohùn Teslim wálẹ̀, ó rọ̀ pẹ̀lẹ́. "Ẹ má jẹ́ kó lọ, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má sì tíì sọ nǹkan kan fún un. Ẹdẹ níbí ni mo wà. Mò ń bọ̀." Ó pa fóònù.

Ẹ̀rù ba Ọláolúwa, ṣùgbọ́n ìtìjú tó bá a ju ẹ̀rù lọ. Ó gba ẹ̀yìn jáde, ó fi àgádágodo ti géètì. Nígbà tó padà wọlé, Sàrátù kò sí ní pálọ̀ mọ́. Obìnrin náà ti gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ láti inú yàrá, nítorí kọ̀ǹpútà tí Ọláolúwa fi sílẹ̀ ti yí fíìmù padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ó ti wọbẹ̀, ó ti fa àga, ó ti jókòó.

"Ẹ dárí jì mí, sà, mo gbóhùn rẹ̀ ni. Fawziyah mi rèé! Ẹ wò ó, ìborùn mi ló gbé lọ! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n wo ibi tí ẹ ti yìn ín."

Ọláolúwa na ọwọ́ láti pa ẹ̀rọ náà. Ṣùgbọ́n obìnrin yìí kò rí ojú ọmọ rẹ̀ láti oṣù márùn-ún. Ọwọ́ rẹ̀ kọ̀ láti pa á. Ìka rẹ̀ kàn sún fíìmù lọ sí ẹ̀bá odò, ó sì jókòó sórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga náà.

Fawziyah wọ omi lọ. Sàrátù fọwọ́ gbá itan, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ ọmọ náà yọ, ó rì, ó tún yọ. Onífìlà pupa sáré wá. Sàrátù tẹjú mọ́ omi, ó ń retí.

Mọ́tò kan fọn fèrè lẹ́nu géètì. Ó tún fọn ọ́n, ó gùn.

"Ẹ ti ní àlejò, sà," ni Sàrátù wí, kò yíjú. Ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. "Ìgbà wo ló máa jáde?"

Ọláolúwa mú aago rẹ̀ lórí tábìlì, ó dojú rẹ̀ dé.

"Ìyá Fawziyah, kò jáde. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni wọ́n fi ń wo omi yẹn, ẹnikẹ́ni kò yọ ọ́. Aago mi ni mo fi kà á. Mo kà á tán, mo sì pàtẹ́wọ́."