Aṣọ Ìnujú Lójú Santo Niño

Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i pé ẹnìkan ti fi aṣọ ìnujú di Santo Niño lójú. Ère Jésù ọmọdé tó ti ń dúró lórí pẹpẹ kékeré nínú pálọ̀ wa láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ, tí èmi fúnra mi rán ẹ̀wù pupa rẹ̀, ni wọ́n di lójú bí ẹni tí wọ́n fẹ́ bá ṣeré bojúbojú.

"Krisha! Ta ló di Ọlọ́run lójú nínú ilé yìí?"

Orí ẹní ni ọmọ ọmọ mi jókòó sí, ọmọ ọdún méje. Fóònù fífẹ̀ tí Rodel ọmọ mi, bàbá rẹ̀, fi ránṣẹ́ sí i láti inú ọkọ̀ ojú omi tó ti ń ṣiṣẹ́ wà lórí itan rẹ̀. Bó ṣe gbọ́ ohùn mi ló yáa dojú fóònù náà délẹ̀.

"Èmi ni, Lola," ó ní. Bó ṣe ń pe èmi ìyá àgbà rẹ̀ nìyẹn.

"Kí ló dé tí o fi dì í lójú?"

"Ọmọdé ni. Kò gbọdọ̀ rí i."

"Kò gbọdọ̀ rí kí ni?"

Ó ń fi ìka tú etí ẹní.

Mo gba fóònù náà, mo yí i padà. Èmi tí mo bímọ márùn-ún, tí mo sì ti sin ọkọ, ojú tì mí nínú ilé ara mi. Àárín eré ológbò àti orin àwọn ọmọdé ni àwọn àwòrán náà tò sí. Ìhòòhò ni àwọn ènìyàn inú rẹ̀, kì í sì í ṣe ìhòòhò ẹni tó ń wẹ̀. Èyí tó kù kò ṣeé sọ lẹ́nu.

"Ṣé ìwọ lo wá a?"

"Rárá, Lola. Òun ló ń wá fúnra ẹ̀. Tí mo bá lé e lọ, á tún padà wá."

"O ò wá lè sọ fún èèyàn?"

"Ẹ máa gbà á lọ́wọ́ mi ni. Inú ẹ̀ sì ni Papa wà."

Ara mi ò balẹ̀ mọ́. Mo wọ kíṣíìnì, mo jáde. Mo fi ìrẹsì sílẹ̀ lórí iná títí tó fi jóná, mo sì ń bínú sí ìkòkò. Ta ló ṣe irú èyí sí ọmọ mi? Kò pẹ́ tí mo fi rí ẹni tí màá di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Sepa, tó ń ta nǹkan pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ ní iwájú ilé wa, ló gbé ẹ̀rọ kan kọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹni tó bá ju owó ẹyọ sínú rẹ̀ á rí íńtánẹ́ẹ̀tì lò. Ibẹ̀ ni tiwa ti ń wá. Mo fa Krisha lọ́wọ́ kan, mo mú fóònù lọ́wọ́ kejì, mo sọdá.

"Sepa! Ẹ̀rọ rẹ ń bi ìdọ̀tí lu ọmọ mi!"

"Manang Ising, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ọ̀sán náà o. Ṣé ìjà lẹ fẹ́ rà ni àbí ọṣẹ?"

"Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wo nǹkan tí ò ń tà fún ọmọ ọlọ́mọ!"

Ó wò ó. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó bu bisikíìtì fún Krisha, ó ní kó lọ wo àwọn òròmọdìẹ lẹ́yìn ilé. Ẹ̀yìn ìyẹn ló wá fi ìka kan igun òkè fóònù náà.

"Fọ́tò ta nìyí, Manang?"

"Rodel mi ni. Ojú ń dùn ẹ́ ni?"

"Orúkọ Rodel ni wọ́n fi ṣí fóònù yìí nìyẹn. Ọ̀nà lásán lèmi ń tà, mi ò mọ ẹni tó ń gbà á kọjá. Nǹkan tí Rodel bá ń wò nínú ọkọ̀ lọ́hùn-ún, èyí á rò pé òun náà ló wà níbí, á tún máa gbé irú ẹ̀ wá fún un. Ẹ wo eléyìí. Rodel ti wò ó dé ìdajì lọ́hùn-ún. Fóònù ń pè é pé kó wá wo ìyókù."

"Irọ́ ni. Ọmọ mi kọ́."

Kò bá mi jiyàn. Ó kàn yí rédíò rẹ̀ sílẹ̀. Ì bá sàn fún mi kó fi mí rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí àpótí ńlá tí Rodel kó ẹ̀bùn sí dé ní Kérésìmesì tó kọjá, tí fóònù náà wà nínú rẹ̀, Liezl ìyàwó rẹ̀ fẹ́ ṣí orúkọ mìíràn fún ọmọ náà, orúkọ ọmọdé tó ní ìdènà. Èmi ni mo kọ̀. Mo ní, "Ṣé o fẹ́ yọ Rodel kúrò nílé ẹ̀ ni?" Bí a ṣe ń ṣe nílé wa nìyẹn nígbà tí ọkùnrin bá wà lójú omi. A máa ń gbé àwo rẹ̀ sórí tábìlì, a máa ń bu oúnjẹ sí i. Sálúbàtà rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹnikẹ́ni kì í jókòó sórí àga rẹ̀. Kí ló dé tí orúkọ rẹ̀ kò ní wà nínú fóònù? Mo ti ń wá kòkòrò kiri àdúgbò, bẹ́ẹ̀ kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

Mo pe Rodel kí n tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù Sepa. Ojú rẹ̀ yọ, ó ń rẹ́rìn-ín, aṣọ iṣẹ́ wà lọ́rùn rẹ̀.

"Nay, ìyá mi! Ṣé ẹ ti jẹun?"

"Rodel, nǹkan tí ò ń wò níbẹ̀ ni ọmọ rẹ ń rí níbí."

"Nǹkan wo, Nay?"

"Má bi mí."

Ó bojú wẹ̀yìn. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ń dún. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Liezl."

"Liezl kẹ̀! Ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ ni mò ń sọ, tara rẹ lò ń rò! Àgbà ni ẹ́, mi ò ní bá ẹ ṣọ́ ojú rẹ. Ṣùgbọ́n ohunkóhun tí o bá wò lọ́hùn-ún, orí ẹní ọmọ rẹ ló ń wá jókòó sí. Ṣé o gbọ́ mi?"

"Mo gbọ́, Nay."

Mo pa á.

Mo sọ fún Liezl. Kò tíì bọ́ bàtà ibi iṣẹ́ tí mo fi rò ó fún un látòkè délẹ̀. Kò pariwo, kò sì ní "ṣebí mo wí." Ó jókòó, ó yọ orúkọ ọkọ rẹ̀ kúrò, ó fi ti Krisha sí i, ó ti ìdènà mọ́ ọn. Fọ́tò Rodel parẹ́ kúrò ní igun fóònù. Mo fa ọmọ náà mọ́ra.

"Gbọ́ mi dáadáa. O ò ṣẹ̀. Tí nǹkan bẹ́ẹ̀ bá tún yọjú, ibikíbi tó wù kó jẹ́, ké sí mi. Mi ò ní nà ẹ́, mi ò ní gba fóònù rẹ."

"Ṣé òótọ́, Lola?"

"Santo Niño ń gbọ́."

Ó mí kanlẹ̀. Àyà tèmi náà wá rọlẹ̀ díẹ̀, mo lọ dín ẹja gbígbẹ.

Nígbà tí mo gbé oúnjẹ jáde, ojú Santo Niño ti là. Inú mi dùn. Ìgbà yẹn ni mo wo ògiri. Aṣọ ìnujú náà ti bo fọ́tò Rodel, èyí tó ti wọ aṣọ funfun àwọn atukọ̀. Àga Rodel wà nísàlẹ̀ rẹ̀, orí àga náà ni ọmọ náà gùn kí ọwọ́ rẹ̀ lè tó o.

"Krisha, kí lèyí?"

"Inú fóònù ni Papa wà nígbà tí nǹkan yẹn ń wá," ó ní. "Gbogbo ẹ̀ ni Papa ń rí, kò sì sẹ́ni tó dì wọ́n lójú. Àánú wọn ṣe mí."

Àwo Rodel wà lọ́wọ́ Liezl. Ó dúró bẹ́ẹ̀, kò gbé e kalẹ̀, kò sì dá a padà.

Mo ya fọ́tò aṣọ náà, mo kọ ọ̀rọ̀ tí ọmọ náà sọ sábẹ́ rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí Rodel. Mi ò fi tèmi kún un. Ó kà á, fóònù fi hàn pé ó kà á, ṣùgbọ́n kò dáhùn. Liezl gbé àwo rẹ̀ kalẹ̀ nígbẹ̀yìn, ó bu ìrẹsì sí i; a jẹun tán, ìrẹsì náà tutù.

Mi ò ká aṣọ náà kúrò. Rodel fúnra rẹ̀ ni yóò wá ká a, níṣojú ọmọ rẹ̀.