Àga Adájọ́ Lẹ́bàá Ọ̀nà

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n gbáko ni Màmá Gírísì fi ṣiṣẹ́ ní gáréèjì àwọn bọ́ọ̀sì ìjọba, iṣẹ́ kan náà ló sì ń ṣe níbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin: kó tú táyà, kó fọ irin inú rẹ̀, kó ki gírísì tuntun sí i, kó dì í padà. Nígbà tó fi máa fẹ̀yìn tì, etí rẹ̀ ti mọ ohùn táyà bí ìyá ọmọ ṣe ń mọ igbe ọmọ rẹ̀. Bọ́ọ̀sì ò tíì wọlé tán tí á ti sọ ẹsẹ̀ tó ń dùn ún. Ọwọ́ rẹ̀ ò sì mọ́ tán mọ́ láyé. Gírísì ti wọ abẹ́ èékánná rẹ̀, ó jókòó síbẹ̀ bí onílé.

Ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ló wá ń gbé. Káfíńtà ni ọkọ ọmọ náà, ó sì mọṣẹ́ dójú àmì. Ilẹ̀kùn tó bá kàn, bí wọ́n bá tì í, ẹni tó wà ní yàrá kejì ò ní gbọ́. Àlébù kan ṣoṣo ló ní: kò sí ohun téèyàn lè sọ fún un tí kò ní fèsì pé òun ti mọ̀. Bí wọ́n bá ní òjò ń bọ̀, ó ti mọ̀. Bí wọ́n bá ní bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ ò bára mu, ó ti mọ̀ kó tó wọ̀ ọ́. Nígbà tó sú àwọn ará àdúgbò, wọ́n fi Mo-ti-mọ̀ pè é. Ó ní òun ti mọ̀ pé orúkọ tí wọ́n máa sọ òun nìyẹn.

Mo-ti-mọ̀ ní tírélà kékeré kan, onítáyà méjì, tó máa ń so mọ́ ìdí mọ́tò rẹ̀ bó bá fẹ́ gbé iṣẹ́ lọ fún oníbàárà. Láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni táyà ọ̀tún tírélà náà ti ń sunkún. Ẹlòmíràn ò lè gbọ́ ọ, nítorí igbe náà ò ju ti eku tó há sínú àpótí nílé kejì lọ, ṣùgbọ́n Màmá Gírísì ń gbọ́ ọ láti orí ibùsùn. Ó sọ fún àna rẹ̀ pé bíárìn inú táyà yẹn, irin roboto tó ní ọta kéékèèké nínú, tí táyà fi ń yí, gírísì ti gbẹ lára rẹ̀. Mo-ti-mọ̀ ní òun ti mọ̀, òun sì ti fi gírísì sí i. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ọkùnrin náà ti mọ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, màmá ò tíì dé ìdajì ọ̀rọ̀ tí àna rẹ̀ ti mọ gbogbo rẹ̀ tán.

Láti ọjọ́ náà ni màmá ti panu mọ́. Ó lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta páàtì mọ́tò, ó ra bíárìn tuntun, ó fi bébà wé e, ó tì í sísàlẹ̀ báàgì rẹ̀ pẹ̀lú agolo gírísì kékeré kan, sípánà, òòlù kékeré àti àkísà. Ó wá ń wojú ọ̀nà bí ẹni tó dẹ tàkúté sẹ́nu ihò òkété.

Ọjọ́ tó ń retí bọ́ sí ọjọ́ Ajé. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ kóòtù tuntun sí ìlú kejì, Mo-ti-mọ̀ ni wọ́n sì ní kó kan àga adájọ́. Oṣù méjì ló fi kan án. Ẹ̀yìn àga náà ga ju èèyàn lọ, apá rẹ̀ méjèèjì ká kòrókòró bí ìwo àgbò, aṣọ pupa wà lójú ìjókòó rẹ̀. Aago méjìlá ni wọ́n ń retí rẹ̀, nítorí aago kan ni ẹjọ́ àkọ́kọ́ máa bẹ̀rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ti lọ síbi iṣẹ́, ni màmá bá ní òun á sin àna òun lọ, kí òun fi nasẹ̀. Inú Mo-ti-mọ̀ dùn, ó ti rí ẹni tó máa gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lójú ọ̀nà. Kò tiẹ̀ béèrè ohun tó ń dún kọ̀ǹkọ̀ nínú báàgì màmá.

Wọ́n rin bí ibùsọ̀ mẹ́wàá, ó ń ṣàlàyé fún màmá bí wọ́n ṣe ń wa mọ́tò tó bá fa ẹrù sẹ́yìn. Màmá ń mi orí, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni etí rẹ̀ wà. Ẹkún táyà ti di igbe. Nígbà tó yá, igbe náà di pé irin ń lọ irin. Màmá wá fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sọ fún un pé kó máa rọra rìn, òun fẹ́ wo àwọn igi ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ọkùnrin náà dẹ eré sílẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tí tírélà fì sápá ọ̀tún, èéfín yọ, òórùn irin tó ń jóná kún inú mọ́tò, táyà sì dúró gbagidi, kò yí mọ́.

Mo-ti-mọ̀ bọ́ sílẹ̀, ó fẹsẹ̀ gbá táyà òsì, èyí tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, ó ní afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ló dín. Màmá ní ó jọ bẹ́ẹ̀. Mo-ti-mọ̀ rọ omi sára táyà ọ̀tún, omi náà hó ṣàà, ó fò sẹ́yìn. Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀ jáde: ayùn, ìfági, ìṣó oríṣiríṣi. Ohun téèyàn lè fi kọ́ ilé alájà kan wà níbẹ̀, ohun tó lè tú táyà ni kò sí. Jáàkì rẹ̀ wà nílé, lábẹ́ tábìlì tó ti ń fi í gbé e dúró láti ọdún tó kọjá. Ó wá ní ẹrù ló wúwo jù, ó sọ àga adájọ́ kalẹ̀ sẹ́bàá ọ̀nà, lábẹ́ ìbòòji igi kan. Màmá wo àga, ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tó ń ro ó, ó sì gòkè jókòó. Ó gbé báàgì lé itan, ó gbé ọwọ́ lé ìwo àgbò méjèèjì. Àga náà tù ú lára púpọ̀.

Ibẹ̀ ni akọ̀wé kóòtù ti pè lórí fóònù pé ibo ni wọ́n dé. Mo-ti-mọ̀ gbéra nílẹ̀, ó ní àwọn ti ń wọ̀lú, òun ti ń wo òrùlé kóòtù lọ́ọ̀ọ́kán. Ohun tó ń wò lọ́ọ̀ọ́kán ni ewúrẹ́ kan tó ń jẹko.

Kò tíì ki fóònù bọ àpò tí mọ́tò kékeré aláwọ̀ eérú kan fi dúró níwájú wọn. Obìnrin kan tó ti tó ẹni àádọ́ta ọdún sọ̀ kalẹ̀, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun àti síkẹ́ẹ̀tì dúdú. Ó kí wọn, ó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, ó ní jáàkì wà nínú búùtù òun. Bó ti ń ṣí búùtù, màmá wo inú mọ́tò náà láti orí àga. Aṣọ dúdú gbàgẹ̀rẹ̀ kan fi ara kọ́ sẹ́yìn, irun àtọwọ́dá funfun sì wà lórí ìjókòó, ó ká jọ bí ọmọ àgùntàn tó ń sùn. Màmá ò kàwé lọ títí, ṣùgbọ́n ó mọ orí tí wọ́n ń dé irú irun bẹ́ẹ̀ sí. Ó fẹ́ sáré dìde.

Obìnrin náà gbé jáàkì dé, ó wo àga, ó wo màmá tó wà lórí rẹ̀. Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ jókòó o, Màmá," ló wí. "Ó yẹ yín."

Màmá bá tún jókòó, ó sì di ẹnu rẹ̀. Ó lè ṣẹ́jú sí àna rẹ̀, ó lè húkọ́, kò ṣe méjèèjì. Mo-ti-mọ̀ ní tirẹ̀ ń sọ fún àǹtí yìí kó má jẹ́ kí aṣọ rẹ̀ dọ̀tí, pé iṣẹ́ ọkùnrin nìyí. Bó ti ń fi jáàkì gbé tírélà sókè ló ń ròyìn àga. Ó ní òun ò tíì fojú kan adájọ́ ọ̀hún rí, ṣùgbọ́n òun mọ irú èèyàn tí wọ́n máa ń jẹ́: bàbá arúgbó kan ni, orí rẹ̀ pá, inú ń tètè bí i. Ìdí nìyẹn tí òun fi fẹ ojú ìjókòó náà dáadáa, nítorí ìdí adájọ́ kì í kéré.

"Ṣé lóòótọ́?" ni obìnrin náà wí.

"Àǹtí, ẹ fi ọkàn yín balẹ̀, mo mọ̀ wọ́n."

Màmá fi àkísà bo ẹnu, ó ṣe bí ẹni tí eruku kó sí lọ́fun. Fóònù tún dún. Lọ́tẹ̀ yìí Mo-ti-mọ̀ ní àwọn ti wà lẹ́nu géètì kóòtù, ẹni tó ń ṣọ́ géètì ni kò tètè ṣí i, kí akọ̀wé bá òun bẹ adájọ́. Adájọ́ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó di irin ọwọ́ jáàkì mú fún un.

Ìgbà tó wá ku òun àti táyà, tí ojú kan ojú, tí kò mọ ibi téèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀, ọkùnrin náà kúnlẹ̀, ó dìde, ó tún kúnlẹ̀. Ó wá yíjú sẹ́yìn.

"Màmá," ló wí, ohùn rẹ̀ ò ròkè mọ́, "mi ò mọ̀ ọ́n ṣe."

Ọdún márùn-ún ni màmá ti ń gbé nílé yẹn, kò gbọ́ gbólóhùn yẹn rí. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, ó ká apá aṣọ sókè, ó tú báàgì. Ó fi òòlù kékeré ṣí ìdérí àárín táyà, ó fa píìnì yọ, ó tú nọ́ọ̀tì, ó fa táyà jáde. Bíárìn àtijọ́ ti dúdú bí èédú, ọta inú rẹ̀ ti fọ́ yángá. Ó ní kí Mo-ti-mọ̀ fi ọwọ́ wá gírísì tó fi síbẹ̀. Ọkùnrin náà wá a, kò rí i, ó jẹ́wọ́ pé ara ìdérí níta lòun fi í pa.

Màmá ní gírísì kì í ṣe ìpara ojú, inú ni wọ́n ń kì í sí. Ó bu ú sí àtẹ́lẹwọ́, ó ń fi bíárìn tuntun gbo ó títí gírísì fi ń yọ lódì kejì. Obìnrin ṣẹ́ẹ̀tì funfun bá a nu ọ̀pá irin títí ó fi dán, gírísì gùn ún dé ọrùn ọwọ́. Nígbà tí wọ́n dì í padà, màmá fún nọ́ọ̀tì náà títí ó fi le, ó tún wá dẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Bó bá le jù, á jó. Bó bá dẹ̀ jù, á fò yọ. Ó fi ìka kan ti táyà, ó yí wìrìwìrì láìdún.

Obìnrin náà wo aago, ó ní wọ́n ń retí òun níbì kan, ó gbé jáàkì rẹ̀. Mo-ti-mọ̀ dúpẹ́, ó ní kó bá òun kí àwọn ará ilé.

"A óò tún ríra," ni obìnrin náà wí, ó sì wa mọ́tò rẹ̀ lọ.

Aago kan ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n tó gbé àga wọ kóòtù. Akọ̀wé ní kóòtù ọ̀hún ò ní ju géètì kan lọ, òun fúnra òun ló sì ti wà lẹ́nu rẹ̀ láti àárọ̀. Mo-ti-mọ̀ ń wá èsì tó máa fọ̀ nígbà tí adájọ́ wọlé nínú aṣọ dúdú, irun funfun lórí, ìlà gírísì lábẹ́ èékánná. Mo-ti-mọ̀ sọ ẹsẹ̀ àga lu ẹsẹ̀ ara rẹ̀, kò sì lè ké.

Adájọ́ jókòó, ó sún sọ́tùn-ún, ó sún sósì.

"Ó gbà mí," ló wí. "Ó tún ṣẹ́kù. Káfíńtà, níbo lẹ wà nígbà tí ẹ wà lẹ́nu géètì?"

Ọkùnrin náà ò dọ́gbọ́n kankan. Ó ní ojú ọ̀nà làwọn wà, pé irọ́ lòun pa, lẹ́ẹ̀mejì. Màmá ń gbádùn ọ̀rọ̀ yìí, ó fara ti ògiri, títí adájọ́ fi yíjú sí òun náà.

"Màmá, bíárìn kì í hù nínú báàgì. Ìgbà wo lẹ rà á?"

Màmá ní ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ní ẹ̀ẹ̀mẹta lòun kìlọ̀, pé lójú ọ̀nà gan-an, òun ló ní kó rọra rìn. Adájọ́ gbọ́ ọ tán.

"Bí táyà yẹn bá yọ, tó lọ bá ẹni tó ń bọ̀ níwájú ńkọ́? Ṣé ẹ ti kìlọ̀ fún ìyẹn náà?"

Ẹ̀rín kúrò lójú màmá. Nínú ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, kò jẹ́ kí bọ́ọ̀sì kan tí táyà rẹ̀ ń ké jáde ní gáréèjì rí. Ó ti dúró síwájú bọ́ọ̀sì rí, tó na ọwọ́ méjèèjì, tí awakọ̀ ń bú u. Ṣùgbọ́n nítorí pé ó fẹ́ fi ojú àna rẹ̀ gbolẹ̀, ó jókòó sínú mọ́tò, ó ń gbọ́ igbe irin bí ẹni gbọ́ orin.

"Mo jẹ̀bi," ló wí.

Adájọ́ ní òun ò rí ìwé ẹjọ́ wọn níwájú òun, nítorí náà kò sí ẹ̀wọ̀n. Ṣùgbọ́n tírélà náà ò gbọdọ̀ jáde nínú ọgbà kóòtù àfi bí àwọn méjèèjì bá tú táyà òsì náà wò. Akọ̀wé wá jáàkì fún wọn. Níbẹ̀, níwájú àwọn lọ́yà tó ń wọlé tí wọ́n ń jáde, Mo-ti-mọ̀ dùbúlẹ̀ sílẹ̀, ó tú táyà fúnra rẹ̀. Màmá bẹ̀ ẹ́, ó ní ńṣe ló yẹ kí òun dúró síwájú mọ́tò yẹn láàárọ̀. Ọkùnrin náà ò gbójú sókè. Ó na àtẹ́lẹwọ́ tó kún fún gírísì sí i, ó béèrè bóyá ó tó tàbí kó bu sí i. Màmá ní kó bu sí i.

Nígbà tí wọ́n dé ilé, nọ́ọ̀sì wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó béèrè bí ìrìn àjò ṣe rí. Màmá ní ó dára, kò sí wàhálà. Mo-ti-mọ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n tètè dé.

Nọ́ọ̀sì wo ìyá rẹ̀, ó wo ọkọ rẹ̀. Ó ní akọ̀wé kóòtù ti pe òun láti ọ̀sán, adájọ́ ló ní kó pè kí ọkàn òun má bàa dàrú. Àwọn méjèèjì gba ẹ̀yìnkùlé kọjá láìwo ara wọn lójú, wọ́n bá kẹrosíìnì nínú abọ́, ọṣẹ méjì àti àkísà méjì, nọ́ọ̀sì ti tò wọ́n sórí àpótí kí wọ́n fi fọ gírísì ọwọ́ wọn.