Dókítà Ibà

"Àǹtí Serifat, ẹ gbé apá òsì yẹn sókè fún mi."

Serifat rẹ́rìn-ín. "Ibà ni mo ní kẹ́ ẹ wò, Dókítà. Kí ló kan apá?"

Ìbídàpọ̀ ò rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí aránṣọ yìí ti wọ yàrá ìyá rẹ̀ ní àdúgbò Ladi-Lak ló ti ń ṣọ́ ọ: ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló fi tún gèlè wé. Iṣẹ́ ọdún méjìdínlógún ti kọ́ ojú rẹ̀ láti rí ohun tí aláìsàn ń fi pamọ́. Ó ti ilẹ̀kùn, ó fi ọwọ́ ra ọwọ́ kí wọ́n lè lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó wá fi ìka mẹ́ta yẹ ọyàn òsì Serifat àti abíyá rẹ̀ wò díẹ̀díẹ̀. Ó kan kókó kan lọ́yàn náà tó le bí èkùrọ́.

"Láti ìgbà wo?"

"Ó tó oṣù mẹ́jọ."

"Oṣù mẹ́jọ! Kò sí Sọ́ńdè tí mi ò wá síbí. Kí ló dé tẹ́ ò sọ?"

"Mi ò mọ̀ pé iṣẹ́ yín ni. Màmá ní dókítà ibà ni yín."

Màmá tó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ń wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. Odindi kọnsọ́táǹtì jẹjẹrẹ, tí àwọn dókítà kéékèèké ń tẹ̀ lé kiri wọ́ọ̀dù, ni Màmá ti sọ di dókítà ibà kárí àdúgbò láti ọdún tó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà.

"Ìbí, má bínú," ni Màmá wí. "Orúkọ àìsàn yẹn ń bà mí lẹ́rù. Mo rò pé tí mo bá ń pè é mọ́ ọ, á tẹ̀ lé ọ wọlé."

Inú bí Ìbídàpọ̀, àánú ìyá rẹ̀ sì tún ṣe é.

"Ṣé mo máa kú ni?" Serifat béèrè.

Ìbídàpọ̀ jókòó tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Mi ò ní parọ́ fún yín. Àyẹ̀wò ló máa sọ bóyá jẹjẹrẹ ni. Tó bá jẹ́ òun náà, iṣẹ́ tí mo mọ̀ ọ́n ṣe jù láyé nìyẹn. Mi ò kan nǹkan kan lábíyá yín, ìyẹn sì dáa: bó bá tiẹ̀ jẹ́ òun, ó jọ pé kò tíì tàn. Lọ́la, aago méje, ẹ wá bá mi ní ọsibítù."

"Èmi ni mo máa mú un wá," ni Màmá wí.

Ó dìde, ó jáde sí àgbàlá níbi tí àwọn obìnrin mẹ́rin ti ń fọṣọ nídìí kànga.

"Ẹ̀yin ìyàwó wa, irọ́ ni mo ti ń pa fún yín. Ọmọ mi kì í ṣe dókítà ibà. Dókítà jẹjẹrẹ ni. Ẹni tí kókó bá wà lọ́yàn rẹ̀, kó wọlé wá, kó má tijú."

Ọ̀kan nínú wọn rọra gbé aṣọ tó ń fọ̀ sílẹ̀, ó sì nu ọwọ́ rẹ̀ sí ìró.