Àlọ́ Ọ̀sán Gangan

Ìyá mi jókòó láàárín àwọn arúgbó nílé ìtọ́jú tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nílùú òyìnbó. A ti sin ín sí Ìkirun, èmi náà sì bá wọn da iyẹ̀pẹ̀ sí i. Ó wọ sílípáàsì tí a máa ń fún wọn. Wọ́n lẹ orúkọ rẹ̀, Àwẹ̀ró, mọ́ ọn láyà.

Ọ̀gá wa, Mísíìsì Dọ́sìn, ní kí kálukú ṣe eré ìlú rẹ̀, kí àárò ilé má baà máa sọ wọ́n. Wọ́n ní orúkọ gígùn kan tí wọ́n ń pe irú ìtọ́jú yìí. Eré ni. Bàbá Dìnó, ará Ítálì, ti yí bọ́ọ̀lù irin tirẹ̀ tán, bọ́ọ̀lù náà sì ń bẹ̀ wá pé kí a má bínú, òun wúwo jù. Ó wá kan ìyá mi.

"Màmá, ẹ pàlọ́ fún wa," ni Mísíìsì Dọ́sìn wí. Yorùbá ló sọ.

"Lọ́sàn-án gangan? Ṣé ẹ ò níṣẹ́ ni?"

Mísíìsì Dọ́sìn ní ọkọ̀ tó máa gbé e padà ti ń bọ̀. Gbogbo wa la mọ ibi tó ń padà sí. Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó fa òkùnkùn jáde bí aṣọ ìbusùn, ó fi bo fèrèsé. Kò kárí.

"À á fi ṣe é bẹ́ẹ̀," ni ìyá mi wí. Ó kọjú sí mi. "Àyọ̀ká, ọ̀kan wà tí mi ò pa fún ẹ rí. Ààlọ́ o."

Ọmọ ọwọ́ mọ ohun tí wọ́n ń dáhùn. Bí ẹnikẹ́ni kò bá sì dáhùn "Ààlọ̀," ẹni tó fẹ́ pàlọ́ kò lè bẹ̀rẹ̀. Mo lanu.

"Ṣé ẹ máa mu tíì?" ló jáde. Ohun tí mo máa ń bi wọ́n láràárọ̀ nìyẹn.

"Mi ò mu tíì. Ààlọ́ o."

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín nu ẹnu."

Bàbá Dìnó ṣàánú mi. Ó fi gbogbo agbára dáhùn, ṣùgbọ́n èdè tirẹ̀ ló fi dáhùn. Mísíìsì Dọ́sìn pàtẹ́wọ́, ó ní àlọ́ náà dùn. Ó rò pé ó ti parí.

Ọkọ̀ fun fèrè níta.

"Àyọ̀ká, dáhùn ná," ni ìyá mi wí. Wọ́n ti ń tì í lọ sídìí ọkọ̀ lórí kẹ̀kẹ́ arọ.

Mo tọwọ́ bọ ẹnu, mo ń wá ọ̀rọ̀ náà lábẹ́ ahọ́n. Eyín àtọwọ́dá àwọn arúgbó tí mo máa ń fọ̀ ló kún ibẹ̀. Mo ń yọ wọ́n kalẹ̀ sórí tábìlì, wọn ò tán. Ìyá mi ti wà lẹ́yìn gíláàsì ọkọ̀. Ó la ẹnu, ó dákẹ́, ó ń wò mí. Ó tún là á.